Àkúdàáyà Inú Sinimá: Ìparí Ìtàn àti Apá Kejì nínú Àwọn Fíìmù Àwòrán Ilẹ̀ Jàpáànì



Nígbà tí ẹ̀ka wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nínú ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba yìí, mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ìtàn àròsọ àti ewì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì rò pé n óò tún sọ̀rọ̀ lórí Fágúnwà tàbí lórí ìjálá. Nígbà tí mo fi àkọlé mi ránṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi pè mí, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kátúùnù náà ti di ohun tí àgbà ń jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí?" Mo dá a lóhùn pé ó ti dì í. N kò kọ́ iṣẹ́ sinimá, n kò sì wá síhìn-ín gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sinimá. Mo wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí láti kékeré, tí ó sì wá fi ojú olùkọ́ lítíréṣọ̀ wò wọ́n nígbà tí ó dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn nǹkan kò ní ṣàì ṣe ojúsàájú. Ẹ bá mi fojú fo tèmi dá.

Fíìmù àwòrán tí mò ń wí, tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní ànímè, ni èyí tí a kò fi ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ṣe. Àwọn ayàwòrán ni wọ́n ń ya ìrìn, ẹ̀rín àti ẹkún àwọn ẹ̀dá-ìtàn, àwòrán lórí àwòrán, títí yóò fi dà bí ẹni pé wọ́n ń mí. Ẹ má ṣe rò pé ọmọdé nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní oṣù kẹrin 1988, ilé-iṣẹ́ Ghibli gbé fíìmù méjì jáde ní ọjọ́ kan náà, pé kí awòran wò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀kan ni Tonari no Totoro ti Hayao Miyazaki, ìtàn àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n bá iwin onírun igbó kan ṣọ̀rẹ́. Èkejì ni Hotaru no Haka ti Isao Takahata, ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ebi pa kú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tí ó lè so méjèèjì wọ̀nyí pọ̀ fún ìdílé kan náà láti wò kò ka ikú sí ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé pamọ́ fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ apá kejì ni mo mú wá. Ní ilẹ̀ wa, láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde, gbogbo wa ni a mọ apá kejì dáadáa. Àwọn oníṣòwò fíìmù wa a gé ìtàn kan ṣoṣo sí méjì, wọn a dá a dúró níbi tí ọkọ ti gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ náà balẹ̀ lè lọ ra kásẹ́ẹ̀tì kejì. Ìyẹn kì í ṣe apá kejì lójú tèmi. Ọjà kan náà ni a dì sí ọ̀rá méjì. Apá kejì tí mò ń wí ni èyí tí ó dé lẹ́yìn tí ìtàn àkọ́kọ́ ti parí ní tòótọ́, tí a ti dágbére, tí awòran ti nu ojú rẹ̀, tí ó sì ti lọ sílé. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Jàpáànì ju bí ẹ ti lè rò lọ. Kí n tó sọ ohun tí mo rò nípa wọn, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe kàn mí.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin kú. Ọmọ ọdún méje ni. Ibà ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní òru ọjọ́ kan wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, n kò sì tún rí i mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, òkú ọ̀fọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pe ọmọdé jọ lé lórí. Wọ́n sọ fún mi pé dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú mìíràn, pé yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tọ́jú bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn mi.

Ní àkókò náà ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣe Voltron ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ni wọ́n ń wa kìnnìún onírin márùn-ún, tí àwọn kìnnìún náà a sì máa so pọ̀ di òmìrán kan tí ń fi idà jà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, tí wọ́n pè ní Sven, fara gbọgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn; wọ́n ní a ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ayé mìíràn, ọmọbìnrin ọba sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti dún létí mi. Mo sọ fún ìyá mi pé bí Sven bá ti lè dé, àbúrò mi náà yóò dé. Ìyá mi kò fèsì. Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tí ó pẹ́, Sven dé.

Mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì kí n tó mọ òdodo ọ̀rọ̀ náà. Voltron tí a wò, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó pọ̀ ní 1984. Ara fíìmù Jàpáànì ni wọ́n ti gé èyí tí a wò níbí, orúkọ rẹ̀ sì ni Hyakujū-ō GoLion, tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ láti 1981 sí 1982. Nínú GoLion, ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Takashi Shirogane, kò lọ sí ilé ìwòsàn kankan. Wọ́n pa á ni. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn náà, tí àwa pè ní Sven, àbúrò rẹ̀ ni, Ryou, tí ojú wọn jọra. Àwọn tí ó túmọ̀ ìtàn náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì mú ojú àbúrò, wọ́n fi bo òkú ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀. N kò bú wọn. Ti ọmọdé ni wọ́n ń rò, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí mi ti ń ro tèmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé bí mo bá pàdé ìtàn tí ó ní apá kejì, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé: kí ni o fi òkú rẹ ṣe?

Yorùbá ní orúkọ fún irú Sven. Àkúdàáyà ni ẹni tí ó ti kú ní ìlú rẹ̀, tí wọ́n ti sin, tí ó sì tún wà láàyè ní ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó ń gbéyàwó, tí ó ń bímọ. Ara rẹ̀ pé, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara dà ni kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní ìlú àkọ́kọ́ wọlé dé; ní ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Ọ̀pọ̀ apá kejì ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ ẹni tí kò rí apá kìíní. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó rí apá kìíní wọlé jókòó, kí ó wo ojú olú ẹ̀dá-ìtàn, kí ó rántí bí òun ti sunkún rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì di èéfín mọ́ ọn lójú.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù ni ti Uchū Senkan Yamato. Yamato gan-an jẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi tí Jàpáànì kàn fún Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kẹrin 1945 wọ́n rán an lọ sí Okinawa, ìrìn-àjò tí àwọn tí ó rán an mọ̀ pé kò ní àbọ̀. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà rì í ní ọjọ́ keje oṣù náà, nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì bá a lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Ní oṣù kẹwàá 1974, olùgbéjáde Yoshinobu Nishizaki àti ayàwòrán Leiji Matsumoto gbé ìtàn kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nínú èyí tí wọ́n ti hú ọkọ̀ yìí jáde, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ń fò láàrin ìràwọ̀, pé kí ó lọ sí ibi jíjìnnà réré lọ wá ohun tí yóò wo ilé-ayé tí ó ń kú sàn. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Okita, jẹ́ àgbàlagbà tí àìsàn ti ń jẹ lára. Ó kú ní ìparí ìrìn-àjò, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí ilé-ayé láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti wo ikú púpọ̀ nínú fíìmù, ti ènìyàn àti ti àwòrán, mo sì ka ti Okita mọ́ àwọn tí ó dára jù nínú wọn.

Ìtàn náà kò rí awòran púpọ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí wọ́n gé e kúrú sí fíìmù kan ní 1977 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Nítorí náà, ní oṣù kẹjọ 1978, apá kejì dé sí ilé sinimá, ìdágbére sì ni orúkọ rẹ̀: Saraba Uchū Senkan Yamato, èyí tí a lè túmọ̀ sí Yamato, ó dìgbòóṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará ọkọ̀ ń kú nínú rẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, olú ẹ̀dá-ìtàn, Susumu Kodai, gbé òkú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Yuki, sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ kọ lu ti ọ̀tá. Iwin Okita ni ó fara hàn án tí ó sọ fún un pé ohun ìjà kan ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fíìmù náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sójú gbangba fún awòran pé ọkọ̀ náà kò ní padà wá mọ́.

Ó padà wá ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Yamato 2, tí ìtàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí ọ̀tá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó parí ní 1979, Kodai àti Yuki yè é. Mo bi yín, ẹ̀yin ènìyàn mi: láàrin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ tí ó sunkún ní ilé sinimá, ṣé ojú wọn ti gbẹ? Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà ti là. Òmíràn dé ní 1979, òmíràn dé ní 1980. Ní 1983 wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní apá ìparí jáde, wọ́n sì jí Okita pàápàá dìde nínú rẹ̀. Wọ́n ní kò kú tẹ́lẹ̀. Dókítà ni ó ṣe àṣìṣe.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí fíìmù 1983 yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, yẹ̀yẹ́ ni mo fi ṣe. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí àkúdàáyà lójú ara rẹ̀, kí ó lọ wo Okita. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Lónìí mo fẹ́ yí apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí mo ti tún un wò, ojú tí mo sì fi wò ó kì í ṣe ojú kan náà mọ́.

Ẹ wo ohun tí fíìmù 1978 ń sọ. Àgbàlagbà tí ó ti kú ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó pé kí ó wá kú. Inú ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ Yamato ni ó ti ń sọ ọ́, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn àgbà ti rán àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ níbẹ̀, ní 1944 àti 1945, pé kí wọ́n wa ọkọ̀ òfuurufú lọ kọ lu ọkọ̀ ọ̀tá. Fíìmù náà lẹ́wà, orin rẹ̀ a máa wọni lára, èmi náà sì sunkún. Ṣùgbọ́n ẹkún tí ó gbà lójú mi, n kò mọ̀ ọ́n sí ìwà ọmọlúwàbí mọ́. Ní 1983, nígbà tí ó tún di dandan kí ẹnìkan bá ọkọ̀ náà lọ kí ilé-ayé má baà parun, Okita tí wọ́n jí yìí lé gbogbo ọ̀dọ́ kúrò nínú rẹ̀. Òun nìkan ni ó dúró, òun nìkan ni ó sì bá a lọ. Kodai àti Yuki yè, wọ́n fẹ́ ara wọn. Fíìmù náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ, àhunpọ̀-ìtàn rẹ̀ kò dán mọ́rán, irọ́ tí wọ́n pa nípa dókítà náà kò sì ṣeé gbà gbọ́. Síbẹ̀, kí àgbà ṣáájú, kí ọmọ ó sin òbí, ni àdúrà tí gbogbo wa ń ṣe àmín sí. Wọ́n jí òkú kan kí ó lè wá gba ikú tí kì bá ti jẹ́ ti ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo gba yẹ̀yẹ́ mi padà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn yẹn ti ń mira. Mo mọ̀ pé Dragon Ball ni wọ́n fẹ́ fi bi mí. Níbẹ̀, òkú kì í pẹ́ kí ó tó jí. Ẹ̀bi kankan kò sí níbẹ̀ lójú mi, nítorí wọ́n ti bá wa ṣe àdéhùn láti òwúrọ̀ ìtàn pé ẹni tí ó bá kó bọ́ọ̀lù idán méje jọ yóò béèrè ohun tí ó bá wù ú. Kò sí ọ̀fọ̀, nítorí náà kò sí irọ́. Mo máa ń wò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni Doraemon, tí ó ti ń mú fíìmù jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọdọọdún láti 1980. Ẹ̀dá-ìtàn tí kò dàgbà kò lè kú, ẹni tí kò lè kú kò sì ní apá kejì.

Miyazaki ní tirẹ̀ kọ̀ ni. Gbogbo fíìmù gígùn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ilé-iṣẹ́ Ghibli, kò sí èyí tí ó ṣe apá kejì fún. Totoro, tí gbogbo ayé ń bẹ̀bẹ̀ fún, ohun tí ó ṣe sí i ní 2002 kò ju fíìmù kúkúrú ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ, tí kò sì tà á lọ́jà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ghibli ní Mitaka ni a ti ń wò ó. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti Nausicaä. Nínú fíìmù 1984, ọmọbìnrin náà kú, àwọn kòkòrò ńláńlá sì jí i dìde nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, apá kejì ì bá ti dé ní 1985. Miyazaki padà sídìí ìwé aláwòrán tí ó ti ń yà láti 1982, tí fíìmù náà kò tíì kọjá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ń yà á títí di 1994. Nínú ìwé náà kò sí àjíǹde tí ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Nausicaä ń rìn láàrin òkú, ó ń gbé ẹrù wọn, àwọn ìbéèrè tí fíìmù dáhùn lọ́nà kúkúrú sì ń le sí i. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ìwé náà ni apá kejì, pé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni ó sì ti lọ san gbèsè náà. Ẹ rántí pé Fágúnwà náà, lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, kò tì wá síwájú ní Igbó Olódùmarè ní 1949. Ẹ̀yìn ni ó mú wa padà sí, sọ́dọ̀ bàbá Àkàrà-oògùn. Ọgbọ́n ńlá ni. Bí ìtàn bá ti parí, ọ̀nà iwájú nìkan kọ́ ni ọ̀nà.

Mamoru Oshii rí ọ̀nà mìíràn. Ní ìparí Ghost in the Shell ti 1995, olú ẹ̀dá-ìtàn, Motoko Kusanagi, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ, so ẹ̀mí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀mí kan tí ó ti inú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà jáde, ó sì lọ. Kì í ṣe ikú gan-an, ṣùgbọ́n kò sí àbọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Oshii fi dúró kí Innocence tó jáde ní 2004. Ẹni tí a bá níbẹ̀ ni Batou, igbákejì Motoko, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ tí kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan fún un rí. Ó ń dá gbé. Ó ní ajá elétí gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí ó ń ra oúnjẹ fún, tí ó sì ń se é fún un pẹ̀lú sùúrù. Ó ń wádìí ọ̀ràn àwọn ọmọlangidi onírin tí wọ́n ń pa olówó wọn. Mo mọ àwọn tí ó kórìíra fíìmù yìí, wọ́n ní ó lọ́ra, wọ́n ní àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń pa òwe àwọn ọlọ́gbọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Ṣùgbọ́n kí ni ó fi ẹni tí ó lọ ṣe? Nígbà tí ìjà wọ Batou lọ́rùn, Motoko wọ inú ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọlangidi náà, ó jà fún un, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì bọ́ ara náà sílẹ̀, ó lọ. Ojú tí Batou rí kì í ṣe ojú rẹ̀. Ohùn ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀? Ará ọ̀run wọ aṣọ, ó jó, ó súre, ó padà sí ìgbàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì ní wí pé kí ó dúró jẹun alẹ́. Fíìmù náà parí nígbà tí Batou lọ gba ajá rẹ̀ padà níbi tí ó fi í pamọ́ sí. Fún mi, Innocence ni apá kejì tí ó mọ̀ jù pé ti ẹni tí ó kù nílé ni ìtàn jẹ́.

N kò ní pẹ́ lórí Kimetsu no Yaiba, nítorí àwọn ọmọ yín ti sọ ọ́ fún yín. Fíìmù rẹ̀ ti 2020, Mugen Ressha-hen, pa ju bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 40 lọ ní Jàpáànì nìkan, ó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ Sen to Chihiro no Kamikakushi ti Miyazaki, tí ó ti wà níbẹ̀ láti 2001. Jagunjagun Rengoku kú nínú rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú. Òkú kan fara hàn án kí ó tó kú, bí Okita ti fara hàn Kodai. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni, kò rán an níṣẹ́ ikú kankan, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i pé ó ti ṣe dáadáa. Pẹ̀lú gbogbo owó náà, wọn kò jí i. Nígbà tí Mugen-jō-hen dé ní 2025, Akaza tí ó pa á ni a tún bá pàdé, a sì gbọ́ nípa àwọn òkú tí Akaza pẹ̀lú ń gbé kiri. Inú mi dùn sí èyí.

Mo fi Evangelion sẹ́yìn nítorí òun ni ó fún mi ní wàhálà jù. Hideaki Anno ni ó ṣe é, ó sì lọ lórí tẹlifíṣọ̀n láti oṣù kẹwàá 1995 sí oṣù kẹta 1996, ìpín 26. Shinji Ikari jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí bàbá rẹ̀, Gendo, ti fi sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bàbá náà ránṣẹ́ pè é lójijì pé kí ó wá wọ inú òmìrán kan láti bá àwọn àjèjì abàmì jà. Ní ìpín méjì tí ó kẹ́yìn, ogun dáwọ́ dúró, ìtàn sì wọ inú ọkàn ọmọ náà lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ awòran. Ní 1997, Anno ṣe fíìmù kan tí ó tún ìtàn náà parí lọ́nà mìíràn: gbogbo ènìyàn yọ́ di omi kan ṣoṣo, ó ku Shinji àti ọmọbìnrin kan, Asuka, ní etí òkun pupa. Ó dà bí ẹni pé awòran ni Anno ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó fa gbogbo wàhálà náà. Ìyàwó Gendo, Yui, ni ó sọnù sínú òmìrán náà níbi ìdánwò kan. Àjọ ńlá tí Gendo ń darí, àwọn ohun ìjà, irọ́, ọmọ tirẹ̀ tí ó sọ di irinṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣe kí ó lè tún rí obìnrin yìí. Ọmọbìnrin Rei wà níbẹ̀, ẹ̀dà tí ojú rẹ̀ jọ ti Yui, tí a sì ń mú òmíràn jáde bí ọ̀kan bá kú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkúdàáyà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti mọ ohun tí Rei jẹ́. Gendo fẹ́ apá kejì fún ìgbéyàwó rẹ̀, bí ayé bá sì máa bàjẹ́ nítorí rẹ̀, kí ó bàjẹ́.

Nígbà tí mo gbọ́ ní 2007 pé Anno tún ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí, nínú ọ̀wọ́ fíìmù mẹ́rin, mo bínú. Mo ní owó ni. Fíìmù kìíní sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtúnyà ti tẹlifíṣọ̀n lásán. Ti 2009 bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́nà. Ní ti 2012, Shinji jí láti ojú oorun, ó bá a pé ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá, pé ohun tí òun ṣe ti ba ayé jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Anno fúnra rẹ̀ kéde lẹ́yìn náà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ńlá mú òun nígbà tí òun parí fíìmù yẹn. A dúró títí di oṣù kẹta 2021.

Ohun tí mo bá ní 2021 kọ́ ni mo retí. Ìtàn tí ó kún fún òmìrán àti ìbúgbàù kó wa lọ sí abúlé kan. Àwọn tí ó yè ní ayé ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń gbin ìrẹsì. Toji, ọ̀rẹ́ Shinji nílé ẹ̀kọ́, ti di àgbà, ó ń ṣe iṣẹ́ dókítà, ó ti fẹ́ Hikari tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, wọ́n sì ti bímọ. Shinji jókòó, kò sọ̀rọ̀, kò jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà Rei wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà mú un lọ sí oko ìrẹsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ó ṣubú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á dìde. Ó ń bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ ìkíni tí wọ́n ń kí i: kí ni ẹ kú àárọ̀, kí ni ó dàárọ̀, kí ni ẹ ṣeun. Àwa tí a ní ìkíni fún ìjókòó àti ìdúró, fún òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìdí tí mo fi dá fíìmù dúró níbẹ̀ tí mo sì tún un wò. Ara ẹ̀dà náà kò lè pẹ́ láìsí ẹ̀rọ tí ó ṣe é, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó lọ bá Shinji, ó dágbére fún un, ó sì tú ká ní ojú rẹ̀. Wọn kò mú òmíràn jáde. Ẹni tí wọ́n ṣe láti fi dípò òkú ni ó wá ní òkú tirẹ̀, tí àwọn ará abúlé mọ orúkọ rẹ̀, tí ọmọdékùnrin kan sì sunkún rẹ̀ tí ó sì dìde nílẹ̀.

Ogun inú ìdajì kejì gùn jù. Mari, ọmọbìnrin tí wọ́n fi kún ìtàn láti 2009, n kò tíì rí ìdí tí wọ́n fi dá a títí di òní, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi tilẹ̀ ti gbìyànjú láti là mí lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá àti ọmọ jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin kan tí kò sí ní ayé, bàbá náà sì sọ̀rọ̀. Ó jẹ́wọ́ bí ẹ̀rù ènìyàn ti ń bà á láti kékeré, bí ó ti jẹ́ pé ní ọ̀dọ̀ Yui nìkan ni ó ti sinmi. Ó rí i pé ibi tí òun ti ń wá Yui kiri kọ́ ni ó wà. Ó wà lára ọmọ tí òun kọ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni Shinji dágbére fún àwọn yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn ilé kí ó tó kó lọ. Àwòrán tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti ibùdókọ̀ ojú irin ní Ube, ìlú tí wọ́n ti bí Anno, àwòrán yíyà sì yí padà di fọ́tò ìlú gidi, pẹ̀lú òrùlé àti òpópónà rẹ̀. Láti 1995 dé 2021, ọdún 26, ni ó fi kọ́ bí a ti ń parí ìtàn kan.

Ilé mi ni mo ti wò ó, ní òru, lórí kọ̀ǹpútà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà mo wakọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi. A jẹun, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n dìde, mo bi í léèrè ibi tí wọ́n sin àbúrò mi sí. Ó wò mí títí. Ó ní òun ti rò pé n kò ní béèrè láéláé. Òun kò mọ ibẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ àbúrò bàbá mi kan tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ní ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kí n tètè lọ bá a. Mo tètè lọ.